Eérú, Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Àga Bàbá Mi

Nígbà tí mo kó padà sí ilé tí bàbá mi kọ́ sí Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn, ọdún mẹ́ta gbáko ni ilé náà ti wà ní títì, eruku ọyẹ́ mẹ́ta sì ti sùn lé ara wọn lórí àga, lórí fèrèsé àti lórí ilẹ̀ tẹrásò tí bàbá mi máa ń yangàn nígbà ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ sí ọjà, mo sì ra gbogbo ohun ìfọlé tí agbára mi ká: bílíìṣì, omi áásìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi dídán tí wọ́n ń fín sí ara igi, àti oògùn aáyán. Èrò mi nígbà náà ni pé bí òórùn ohun ìfọlé bá ṣe le tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, mo sì gbà pé ilé tí kò bá tíì máa rùn bí ọsibítù kò tíì mọ́.

Ilé ìwẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Omi kànga wa ní irin nínú, láti ọdún pípẹ́ ni ó sì ti fi àbàwọ́n pupa, irú èyí tí a ń rí lára irin tó dógùn-ún, sí inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo da bílíìṣì sí i, mo dúró, àbàwọ́n náà kò mira. Mo wá gbé omi áásìdì, mo dà á lé bílíìṣì náà lórí. Kí n tó na ọwọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan ti gbá mi lọ́fun mú bí ẹni pé wọ́n da ata gúngún sí i. Omi ń dà lójú mi, mo ń húkọ́, àyà mi sì há débi pé n kò lè pe orúkọ ọmọ mi tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Mo fà á lọ́wọ́, a sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ igi máńgòrò ni a sì jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀fun wa tó balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé ní ojúlé kejì ni ó ṣàlàyé fún mi pé bí bílíìṣì bá ti pàdé áásìdì, gáàsì tí wọ́n ń pè ní chlorine ni yóò máa tú jáde. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ń ṣe. Mo mọ gáàsì yẹn dáadáa, nítorí pé òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù kẹrin ọdún 1915, tí ó ká àwọn ọmọ ogun mọ́ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sá pamọ́ sí. Mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn náà lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì mọ̀ pé ohun méjì tí ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀ wà nínú báàgì kan náà tí mo gbé ti ọjà dé. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n kò tún ní í da ohunkóhun sílẹ̀ nínú ilé mi tí n kò bá mọ ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí ó lè dà.

Ọ̀rọ̀ kànga náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀, mo dìde láti ìdí rẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi lọ sí ibi tí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ wa ń rì sí: ogún péré. Omi tí a ń pọn sè oúnjẹ àti omi tí mo fi áásìdì àti bílíìṣì fọ̀, inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Èyí tí ilẹ̀ kò bá sì gbà nígbà òjò yóò bọ́ sí gọ́tà, gọ́tà yóò sì gbé e lọ sí ọ̀nà odò Ògùnpa, fún àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò.

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí mo sì ròyìn ohun tí ojú wa rí, wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn bèèrè pé, "Ṣé alákàrà iwájú ilé yìí ṣì ń dá iná igi?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Wọ́n rán ọmọ mi lọ pé kí ó lọ tọrọ eérú wá nínú agolo mílíìkì. Wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí èédú àti òkúta wẹ́wẹ́ má baà ha nǹkan, wọ́n ń fi kànrìnkànrìn tútù tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tánganran tí ọ̀rá ti gbẹ mọ́ nídìí. Kò tó ìdajì wákàtí tí funfun abọ́ fi yọ. Wọ́n sọ fún mi pé ní abà ìyá àwọn, ní agbègbè Oǹdó, ẹnikẹ́ni kì í da èèpo kòkó nù: wọn a sá a gbẹ, wọn a sun ún di eérú, omi tí wọ́n bá sẹ́ lára eérú náà ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ewé eépín, èyí tí ara rẹ̀ le kórókóró bí sánpépà, ni wọ́n fi ń ha odó àti igbá. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń lé òórùn ẹja kúrò lára ọbẹ. Ó dùn mí pé láti kékeré ni mo ti ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, tí n kò sì bèèrè rí bí ó ṣe ń di ọṣẹ.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni èmi fúnra mi fi bẹ̀rẹ̀. Mo bu omi kúrò nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó má baà sọ oje ọsàn di omi lásán, mo fún ọsàn mẹ́wàá sí ojú àbàwọ́n pupa náà, mo fọ́n iyọ̀ lé e, mo sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ó ń ṣí kúrò bí èèpo. Òru mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó lọ, ṣùgbọ́n ó lọ tán, bẹ́ẹ̀ bílíìṣì kò lè mú un kúrò. Mo ti wá mọ̀ pé bílíìṣì kì í pa àwọ̀ ìpẹtà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí ó túbọ̀ múlẹ̀. Kẹ́tù wa tí ìpẹ́ funfun ti bò nínú náà jàǹfààní rẹ̀: ọsàn méjì tí mo là sínú omi tí mo sì sè ló tú ìpẹ́ náà sílẹ̀.

Inú mi wá dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú àbàwọ́n tíì mẹ́ta wà lórí tẹrásò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìjẹun. Mo kán oje ọsàn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ bá iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i tí ìfófòó wẹ́wẹ́ ń yọ létí oje náà. Mo yára nù ún. Àbàwọ́n tíì ti lọ, ṣùgbọ́n dídán ilẹ̀ ti bá a lọ. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka wò ó: ní àyíká ibẹ̀, ilẹ̀ náà ń yọ̀ bí àwo; ní ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ha mí lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò, òkúta pupa àti funfun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti ṣe bàìbàì bí ojú arúgbó. Olùkọ́ kẹ́mísìrì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé òkúta mábù tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, ni tẹrásò, ohun kíkan kankan kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lára àwọn méjèèjì nítorí pé yóò máa jẹ wọ́n ni. Ẹ̀rọ ìdán-ilẹ̀ nìkan ló lè dá a padà.

Mo ka ọ̀rọ̀ ibi mẹ́ta yẹn sí ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Ohun tí ó ti oko wá kì í ṣe ohun tí kò ní agbára. Ó ní agbára, ohun tí ó yàtọ̀ ni pé mo lè mọ irú agbára tí ó jẹ́. Láti ìgbà náà, kí n tó gbé ohunkóhun, ìbéèrè méjì ni mo ń bi ara mi: irú ìdọ̀tí wo nìyí, orí kí ni ó sì wà? Ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà ń tú ìpẹtà àti ìpẹ́ omi. Eérú, káún àti ọṣẹ, tí wọ́n jẹ́ òdìkejì kíkan, ń tú ọ̀rá. Iyọ̀, yanrìn àti ewé eépín kò tú nǹkan kan, híha ni iṣẹ́ tiwọn. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tí ń pò fínígà mọ́ baking soda, tí wọ́n ń rí ìfófòó tí wọ́n sì ń rò pé agbára ló ń hó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń jáde níbẹ̀. Kíkan àti òdìkejì rẹ̀ ti pa ara wọn, ohun tí ó kù nínú abọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi iyọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo méjèèjì, kí ó lo ọ̀kan, kí ó ṣàn án dànù, kí ó tó mú ìkejì.

Ní ilé ìdáná, káún ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Káún funfun tí à ń fi sí ewédú náà ni mo ń sọ. Kò wọ́n, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ọ̀kan nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ni baking soda gan-an. Mo máa ń gún èyí tó tó ẹyin adìẹ kan, n óò yọ́ ọ sínú omi gbígbóná lítà kan, n óò ki aṣọ bọ̀ ọ́, n óò sì fi nu ògiri ẹ̀yìn sítóòfù níbi tí epo dídín ti ta mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún, kí ẹ sì fi omi lásán tẹ̀lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé ó máa ń gbẹ awọ ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi eérú. Ẹ má sì fi í sínú ìkòkò alumíníọ́mù. Èmi rẹ ọ̀kan sínú omi káún mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ ti dúdú. Oje ọsàn tí mo sè nínú rẹ̀ ló là á padà.

Àga ni ó gbà mí lákòókò jù. Mẹ́fà ni wọ́n, igi ìrókò ni gbogbo wọn, bàbá mi sì ní kí káfíńtà ṣe wọ́n ní ọdún 1974, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ tí ó ká sí ìsàlẹ̀ bí orí àgbò. Nítorí pé ọṣẹ dúdú ti ṣe mí lóore, mo po ó sínú garawa omi, mo sì fọ àga àkọ́kọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Nígbà tí ó gbẹ, funfun bí ẹfun ti bo apá ibi tí ó ti ń dán tẹ́lẹ̀, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ń mì. Mo pe bàbá àgbà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní àdúgbò. Wọ́n fi èékánná ha ibi funfun náà, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, pólíìṣì àwọn ará ìgbà yẹn kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ ohun tó ní eérú nínú. Aṣọ tí ẹ fún gbẹ ni kí ẹ máa fi nu igi, kì í ṣe garawa." Ṣẹ́láàkì ni orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe pólíìṣì náà, ara kòkòrò kan ní Íńdíà ni wọ́n ti ń rí i, wọn a sì yọ́ ọ sínú sípíríìtì. Omi máa ń mú kí ó funfun, ohun tó ní eérú sì máa ń yọ́ ọ. Òun náà kúkú jẹ́ ohun àdáyébá, ṣùgbọ́n ohun àdáyébá kan lè ba òmíràn jẹ́.

N kò tíì gbọ́n tó síbẹ̀. Lára àga kejì, mo fi aṣọ gbẹ nù ún dáadáa, mo wá fi àdín pa á, nítorí pé ó dán lójú mi. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Àdín kì í gbẹ lára igi bí ọ̀dà ti ń gbẹ. Ọ̀rá ni, ọ̀rá ni yóò sì máa jẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo eruku tí ọyẹ́ gbé wọlé ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n ẹ̀lùbọ́ sí i, nígbà tí oṣù yóò sì fi parí, ó ti ń rùn, èèrà sì ti la ọ̀nà lọ sí ibẹ̀. Káún díẹ̀ nínú omi ni mo fi fọ àdín kúrò, aṣọ tí mo fún gbẹ ni mo sì lò, bí bàbá káfíńtà ṣe wí.

Láti àga kẹta ni mo ti rí i ṣe dáadáa, mo sì padà tún méjì àkọ́kọ́ ṣe. Ewé eépín tútù ni mo fi ń ha ibi tí pólíìṣì ti ṣí, mo sì ń tọ ọ̀nà tí iṣan igi gbà, n kì í dá a kọjá. Ìró rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dà bí ìgbà tí adìẹ ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ gbígbẹ. Ewé kan kì í ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ kí ó tó kú, torí náà mo máa ń já tó ogójì kí n tó jókòó. Ẹ fi aṣọ bo imú. Eruku ìrókò máa ń yún ni ní imú àti ní awọ, ó sì lè fa àìsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á. Nígbà tí igi bá ti dán, n óò yọ́ ìda oyin. Òṣùwọ̀n ìda kan sí òróró àgbọn mẹ́ta ni mo ń pò, inú abọ́ tí mo gbé sínú omi gbígbóná ni mo sì ti ń yọ́ ọ, n kì í gbé e lé iná ní tààrà nítorí pé ìda lè gbiná. Bí ó bá ti dì, n óò fi aṣọ àdìrẹ ògbólógbòó kó ìwọ̀n èékánná, n óò fi pa igi fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, n óò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, n óò sì wá fi aṣọ mìíràn nù ún kíkankíkan títí tí ọwọ́ kò ní í lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó pọ̀ jù. Ìrókò tí ó ti rí bí eérú lójú wá pọ́n padà bí oyin, orí àgbò ibi ìfọwọ́lé sì yọ jáde pẹ̀lú gbogbo ilà tí wọ́n gbẹ́ sí i, tí n kò rí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Tìmùtìmù orí àga kò le bẹ́ẹ̀. Epo pupa ni ó ta sí ọ̀kan nínú wọn, aṣọ rẹ̀ sì funfun. Nígbà tí epo náà ṣì tútù, mo da lẹ́búlẹ́bú àgbàdo funfun bò ó kí ó mu ọ̀rá, mo gbọ̀n ọ́n nù, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó wá ku àwọ̀ ọsàn kan tí kò lọ. Ìyá mi ní kí n sá a sí oòrùn ní tútù. Ọjọ́ méjì péré ni oòrùn fi pa àwọ̀ náà rẹ́ pátápátá, nítorí pé àwọ̀ pupa inú epo kì í lè fara da ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ibùsùn àti ìrọ̀rí pẹ̀lú, oòrùn ni mo ń sá wọn sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sì tún ra òórùn dídùn inú agolo mọ́.

Oògùn aáyán tí mo rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni n kò ṣí rí. Mo ka ara rẹ̀, mo rí i pé dichlorvos ni, èyí tí àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò kéékèèké rẹ̀ láti ọdún 2019, oògùn oko ni, kì í ṣe ti inú ilé. Omi ọṣẹ nínú ike ìfọ́nmi ni mo ń fín sí aáyán tí mo bá rí, ó sì máa ń kú, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹ̀yìn sítóòfù tí mo ń nù ni ó lé wọn lọ ní tòótọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn.

Bílíìṣì ṣì wà nínú ilé mi, lókè kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọ kò dé, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mi, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, nítorí pé wọn kò lè pa gbogbo kòkòrò àìsàn. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi omi ṣàn án, lẹ́yìn náà ni mo po bílíìṣì mọ́ omi ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ìgò, òun nìkan, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lò ó lọ́dún náà nìyẹn.

Ọyẹ́ tún ti dé báyìí. Ní àràárọ̀, mo ń fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá eruku kúrò nínú ilà orí àgbò, mo sì ń fi aṣọ tí mo fún gbẹ tẹ̀lé e. Ìda tí mo pò lọ́dún tó kọjá ti ku díẹ̀ nínú agolo. Mo ti bẹ olóyin tí ó ń gba àdúgbò wa kọjá pé kí ó bá mi tọ́jú afárá, kí ó má dà á nù lẹ́yìn tí ó bá fún oyin rẹ̀ tán.